Bẹ́ ẹ ṣe lè lọ wo ilé Walter Scott àtàwọn ilé àtijọ́ ìgbèríko Scotland láìní mọ́tò

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní UK, tó bá ti di Scotland, Edinburgh nìkan lẹ mọ̀, ẹ lọ ya fọ́tò ní Edinburgh Castle, ẹ padà sílé, ó parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ ìgbèríko lọ. Apá gúúsù Scotland tí wọ́n ń pè ní Borders ni mo máa júwe, torí ibẹ̀ ni Sir Walter Scott òǹkọ̀wé gbé, ẹni tí ò ní mọ́tò náà sì lè débẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ibùdó rélùwéè Waverley ní Edinburgh lẹ ti máa wọ ọkọ̀ (ìwé Scott ni wọ́n ti mú orúkọ yẹn, ẹ ò rí nǹkan). Tírénì Tweedbank ni kẹ́ ẹ wọ̀, 2015 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọ̀nà yẹn padà, kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ, Tweedbank sì ni òpin ọ̀nà, torí náà kẹ́ ẹ tiẹ̀ sùn lọ kò séwu. Tẹ́ ẹ bá sọ̀, ẹ tẹ̀ lé àmì, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn dé Abbotsford, ilé Scott, kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Abbotsford yìí ni kẹ́ ẹ fún ní àsìkò jù. 1811 ni Scott ra oko níbẹ̀, ó wá ń fi owó ìwé kọ́lé, ó ń kọ́ ọ ó ń fi kún un títí ó fi dà bí ààfin, 1824 ló tó parí. Ọdún méjì péré lẹ́yìn ìyẹn, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé tó bá wọn dá owó sí wọ gbèsè, gbèsè ọ̀hún sì bọ́ sí i lọ́rùn. Kò sá o. Ó jókòó ó ń kọ̀wé láti fi san án títí tó fi kú nínú ilé yẹn ní 1832. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ má kàn gba yàrá ìkọ̀wé ẹ̀ kọjá, ẹ dúró síwájú tábìlì yẹn dáadáa. Ìwé inú yàrá ìkàwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ. Tẹ́ ẹ bá jáde síta, ẹ wá ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n àtijọ́ Edinburgh, ọkùnrin yìí gbé e wá, ó kàn án mọ́ ògiri ilé ara ẹ̀! Nígbà òtútù wọ́n máa ń ti ilé náà, ẹ yẹ wẹ́ẹ̀bù wọn wò kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tírénì.

Melrose ò jìnnà síbẹ̀. Ilé àwọn mọ́ǹkì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1136 wà níbẹ̀, ó ti wó dé àyè kan, wọ́n sì gbà pé ọkàn inú àyà Robert the Bruce, ọba Scotland àtijọ́, ni wọ́n sin síbẹ̀. Ẹ gbójú sókè kẹ́ ẹ wo òrùlé, ẹlẹ́dẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń fun bagpipe (fèrè alápò àwọn ará Scotland), ẹ fi fóònù súùmù ẹ̀. Dryburgh, ilé àwọn mọ́ǹkì míì tí wọ́n sin Scott sí, náà wà nítòsí, àmọ́ ọkọ̀ ò pọ̀ lọ síbẹ̀, ẹ yáa gba takisí láti Melrose.

Ẹni tó bá ní ọjọ́ kejì, kó sọ̀ ní Galashiels kó wọ bọ́ọ̀sì X95 lọ Selkirk. Ìdájọ́ ni Scott ń ṣe níbẹ̀ láti 1799, kóòtù ẹ̀ ṣì wà. Èyí tó kàn wá gan-an ni ère Mungo Park tó wà ní òpópónà ìlú náà, ìtòsí ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i, òun náà ni wọ́n ní ó "rí" Odò Ọya nígbà tá a wà ní sùkúù, bíi pé àwọn tó ń pẹja níbẹ̀ ti fọ́jú látọjọ́ yìí. Bùsà nílé wa ló kú sí ní 1806. Èmi ò lè dé Selkirk kí n má yà wò ó.

Jákẹ́ẹ̀tì tómi ò lè wọ̀ ni kẹ́ ẹ mú o, ambùrẹ́là ò ṣe nǹkan kan níwájú atẹ́gùn ibẹ̀. Òfin Scotland ti 2003 gbà yín láyè láti rìn gba orí ilẹ̀ onílẹ̀ tẹ́ ò bá ba nǹkan jẹ́, àmọ́ ẹ má gba àárín ohun ọ̀gbìn, géètì tẹ́ ẹ bá bá ní títì, ẹ tì í padà torí àgùntàn. Ọjọ́ Sunday bọ́ọ̀sì máa ń wọ́n, ẹ wo àkókò èyí tó gbẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó jókòó sídìí tíì.