Omi Pupa Tó Ń Sun Láti Ìdí Òkìtì Ìwakùsà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Odò tó gba ìdí òkìtì òkúta ìwakùsà kọjá ti pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Kí ló fà á?

Òkúta kan tí irin àti imí-ọjọ́ so pọ̀ nínú rẹ̀ ni, páíráìtì ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, afẹ́fẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n wà á jáde, wọ́n fọ́ ọ wẹ́wẹ́, òjò àti afẹ́fẹ́ wá ráyè wọ̀ ọ́, ni imí-ọjọ́ bá di ásíìdì. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan tó ń fi irin ṣe oúnjẹ ló tún ń mú un yá kánkán. Irin ló fa àwọ̀ pupa tí ẹ rí, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó bà yín lẹ́rù jù. Ásíìdì yẹn ń yọ́ àwọn mẹ́táàlì bí òjé, kádímíọ́mù àti síńkì kúrò lára òkúta, ìwọ̀n díẹ̀ wọn tó lè ṣeni níbi kì í sì í yí àwọ̀ omi padà.

Ìbéèrè: Ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ ti dúró níbẹ̀. Kí ló dé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀?

Bí òkúta ẹfun bá wà nínú òkìtì, ó máa ń pa oró ásíìdì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ tó bá tán ni omi á yí padà. Ní Iron Mountain, ní California, ọdún 1963 ni ìwakùsà dúró. Títí di òní, wọ́n ṣì ń tọ́jú omi ásíìdì tó ń jáde níbẹ̀.

Ìbéèrè: Lápá òkè, omi náà mọ́ gaara. Ṣé a lè sè é mu?

Mo bẹ̀ yín, ẹ má mu ún. Ibi tí ásíìdì ti le jù ni irin ti máa ń yọ́ pátápátá, tí omi á sì mọ́. Iná ń pa kòkòrò, kò lè pa òjé: omi á máa gbẹ, òjé á ṣẹ́kù, èyí tó kù á wá le sí i. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe gbèdéke fún òjé jẹ́ máíkírógíráàmù 10 nínú lítà kan, ti kádímíọ́mù jẹ́ 3. Ilé àyẹ̀wò nìkan ló lè rí i. Ẹ kọ́kọ́ gba àwọn ọmọdé kúrò lẹ́bàá omi náà, nítorí ara wọn ń fa òjé mu ju ti àgbà lọ, ọpọlọ wọn ló sì ń bàjẹ́.

Ẹ má fi bomi rin oko náà. Ní Japan, kádímíọ́mù láti ibi ìwakùsà gba odò Jinzu wọ oko ìrẹsì, eegun àwọn èèyàn sì ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Ní 1968 ni ìjọba gbà pé ìdọ̀tí yẹn ló fà á.

Ìbéèrè: A da òkúta ẹfun sójú omi. Ó ṣiṣẹ́ fún oṣù díẹ̀, ó sì kọ̀.

Ẹ fọ́ ọ̀kan wò. Bí ìta rẹ̀ bá pọ́n tí inú rẹ̀ kò yí padà, irin ti bò ó bí èèpo, ásíìdì kò rí i fọwọ́ kàn mọ́. Ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀, yóò tún bò. Orí òkìtì gan-an ni mo rọ̀ yín láti dojú kọ: kí wọ́n la ojú àgbàrá gba ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n sì fi amọ̀ tó ki bo òkìtì kí afẹ́fẹ́ má wọlé.

Ìbéèrè: pH omi náà, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ásíìdì inú rẹ̀ ṣe le tó, ti di 7, tó fi hàn pé ásíìdì ti rọlẹ̀. Síbẹ̀ àyẹ̀wò ṣì ń rí ásẹ́níìkì, oró kan tó máa ń wà nínú òkúta.

Ásẹ́níìkì kò nílò ásíìdì kó tó yọ́ sómi. Síńkì àti kádímíọ́mù náà lè ṣì wà nínú omi tí pH rẹ̀ jẹ́ 7. Ẹ ní kí wọ́n wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn àti lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, torí òjò yẹn ló ń fọ gbogbo ohun tó ti ń kó jọ sára òkìtì wọ odò.