Bí a ṣe ń padà sídìí oúnjẹ àti irin lẹ́yìn ìdíje bọ́dìbíldìn

Alẹ́ Sátidé ni ìdíje parí. Ọmọkùnrin kan tí mo ń kọ́ ní jíìmù wa ní Mushin jẹ abọ́ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù méjì, ó jẹ súyà, ó fi mọ́ọ̀tì tútù mẹ́rin lé e. Kó tó sùn, ó tún rẹ gàrí. Àárọ̀ Mọ́ńdè ló pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, bàtà mi ò wọ̀ mí mọ́." Nígbà tí mo débẹ̀, mo fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀; ojú ibi tí mo tẹ̀ jìn wọnú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Kílò méje ló ti fi kún ara rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì.

Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi oṣù mẹ́rin gbẹ ara, ìyẹn ni pé wọ́n á dín ọ̀rá ara kù kí iṣan lè hàn, wọ́n á ka ẹyin, wọ́n á wọn ìrẹsì, wọ́n á mọ wákàtí tí wọ́n máa mu omi gbẹ̀yìn. Ẹ wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa jẹ láàárọ̀ Sọ́ńdè, ẹ̀rín ni wọ́n á rín.

Nítorí náà, ìwé ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí ìdíje bá ku ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ máa jẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ sílẹ̀. Orí ìwé gidi ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe orí fóònù. Ara ilẹ̀kùn fíríìjì ni mo máa ń lẹ tèmi mọ́. Ẹ tún sọ fún àwọn ará ilé pé ẹ ò fẹ́ kéèkì ìkíni-kú-oríire. Ẹni tó bá fẹ́ fún yín ní nǹkan, kí ó ra páálí ẹyin kan.

Ní alẹ́ ìdíje náà, ẹ jẹ ohun tí ọkàn yín ń fẹ́. Mi ò fọwọ́ sí kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle lọ jẹ adìyẹ bíbọ̀ láìsí iyọ̀. Àmọ́ kó jẹ́ àwo kan, ní ìjókòó, lórí tábìlì. Ẹ má jẹun nínú mọ́tò, ẹ má jẹun nínú ọ̀rá. Omi lásán ni kí ẹ mu tẹ̀ lé e, díẹ̀díẹ̀. Iyọ̀ àti ṣúgà tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló ń wú ẹsẹ̀: iyọ̀ ń dá omi dúró lára, oúnjẹ afúnnilókun tó bá sì wọnú iṣan máa ń fa omi mọ́ra, bíi gíráàmù mẹ́ta omi fún gíráàmù kan tí iṣan bá tọ́jú. Ìdí nìyẹn tí kílò méjì tàbí mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò fi gbọdọ̀ já yín láyà. Omi àti oúnjẹ inú ìfun ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹni tó bá lo oògùn tó ń fa omi jáde lára kí ara rẹ̀ lè gbẹ dáadáa, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Mohammed Benaziza, ọ̀kan nínú àwọn tó mú orí pèpéle gbóná nígbà ayé rẹ̀, kú ní 1992 lẹ́yìn ìdíje kan ní Holland, irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Bí àyà bá ń já pàà-pàà-pàà, bí iṣan bá ń fà, bí òòyì bá ń kọ́ yín, bí èémí bá ń ṣòro, tàbí bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tí èkejì ò wú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ má lọ sọ́dọ̀ kẹ́míìsì.

Ibi tó le nìyí: láti Sọ́ńdè títí di ìparí ọ̀sẹ̀ kẹta.

Ọkùnrin tó bá gbẹ dáadáa, ọ̀rá ara rẹ̀ lè má ju ìdá 4 sí 6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Lójú ara, ìyàn ló mú. Inú ọ̀rá ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní leptin ti ń jáde, òun ló ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ pé oúnjẹ wà nílẹ̀. Nígbà tí ọ̀rá bá tán, kò sí ẹni tó máa jíṣẹ́. Ikùn á kún dé ọ̀nà ọ̀fun, orí á ṣì máa pariwo ebi. Láàárín 1944 sí 1945, Ancel Keys àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota, Amẹ́ríkà, dín oúnjẹ àwọn ọkùnrin 36 tó yọ̀ǹda ara wọn kù fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Nígbà tí oúnjẹ padà dé, àwọn kan nínú wọn jẹ títí wọn ò lè mí, wọ́n sì ní ebi ṣì ń pa àwọn. Nítorí náà, ẹ má fi ojú ọ̀kánjúwà wo ara yín, ẹ má sì gba ebi yẹn gbọ́. Ìwé ara fíríìjì ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀.

Báwo ni ẹ ṣe máa fi kún oúnjẹ? Àwọn kan ń fi kálórì 50 kún un lọ́sẹ̀ bí ẹni ń kán oògùn sójú. Mi ò bá wọn ṣe é. Ebi á fọ́ ìlànà yẹn mọ́ wọn lọ́wọ́ kó tó pé oṣù kan, ọjọ́ tó bá sì fọ́, ìkòkò ni wọ́n máa gbé. Tèmi ni pé, ẹni tó wọn kílò 75, tó ń jẹ kálórì 1,900 sún mọ́ ìdíje, kó gùn ún dé 2,300 láti Sọ́ńdè. Lẹ́yìn ìyẹn, 100 sí 150 lọ́sẹ̀. Ẹyin, ẹja àti ẹran kò gbọdọ̀ dín sí iye tó wà tẹ́lẹ̀. Àfikún náà, inú iṣu, ìrẹsì, gàrí àti epo ni kó ti wá.

Epo yìí gan-an ló máa ń fọ́ ìṣirò. Ṣíbí ìjẹun kan epo pupa tó kálórì 120. Ẹni tó bá bu ọbẹ̀ tí epo léfòó lójú rẹ̀ ti lè jẹ àfikún 400 tán kó tó fọwọ́ kan òkèlè. Èmi máa ń fi ṣíbí kó epo ojú ọbẹ̀ sínú ife. Ìyàwó mi á fi dín ẹyin àwọn ọmọ. Ní ti gàrí, gíráàmù 100 rẹ̀ ní gbígbẹ tó kálórì 350, a kì í sì í fojú wọ̀n ọ́n. Bí ẹ ò bá ní òṣùwọ̀n, agolo mílíìkì kékeré tó: ẹ bù ú kún, ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá orí rẹ̀ dọ́gba. Ẹ má yí agolo padà láàárín ọ̀sẹ̀.

Owó á ti tán lẹ́yìn ìdíje, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyẹ̀fun purotéènì tí wọ́n ń tà lówó gọbọi dúró ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹyin kan ní bíi gíráàmù 6 purotéènì, ẹja ṣàwá wà, ẹ̀wà wà. Ẹ̀wà ọ̀hún, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba, kẹ́ ẹ má lọ jẹ abọ́ ńlá lálẹ́ kí inú sì fi òru kọrin.

Òde àríyá Sátidé ń bọ̀, ẹ ò sì lè sá fún un. Ẹ jẹ ẹyin mẹ́ta àti ẹ̀fọ́ nílé kẹ́ ẹ tó wọ aṣọ. Níbi òde, àwo kan. Bí wọ́n bá ń di oúnjẹ sínú ọ̀rá fún yín láti gbé relé, ẹ gbé e fún awakọ̀.

Ìwọ̀n ara: láràárọ̀, lẹ́yìn ilé ìgbẹ́, kí omi tó kan ẹnu. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá ro ọjọ́ méje pọ̀ kẹ́ ẹ pín in, nítorí ìwọ̀n ọjọ́ kan kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹni kílò 75 tó bá dé 79 sí 82 láàárín oṣù méjì, ó ń ṣe dáadáa. Ara orí pèpéle kì í ṣe ara tí èèyàn ń gbé kiri. Àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn dáwọ́ dúró nígbà ìgbaradì, bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí kò padà, kí wọ́n lọ rí dókítà, kí wọ́n má sì dín oúnjẹ kù rárá.

Ti irin kò le. Ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ má fọwọ́ kan irin, ẹ kàn máa rìn. Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, ìdajì iye tí ẹ ń gbé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀, ẹ má sì dán okun wò bó ti wù kí ara yá gágá tó. Ẹni tó ń sáré wákàtí kan lójúmọ́, kó gé e sí ìdajì, kó tún gé e ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ má dá a dúró lójijì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mọ yòókù.

Ó ku nǹkan kan tí mo máa ń gbàgbé sọ. Kí ọjọ́ ìdíje tó pé, ẹ lọ sí Yaba, ẹ ra ṣòkòtò òkìríkà kan tí ìbàdí rẹ̀ fi ínǹṣì méjì tóbi ju èyí tí ẹ ń wọ̀ lọ, kí ẹ fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọmọ tí bàtà ò wọ̀ yẹn, ṣòkòtò tó há ló tún sọ ọ́ dẹni tó febi pa ara rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, tó sì jí ìkòkò ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ gbé ní ọ̀sẹ̀ kẹta.