Bí adìẹ aláwọ̀ ewé ṣe sọ mí di alámòójútó mod

Adìẹ ló fà á. Mo ti ń gbá Stardew Valley tipẹ́, géèmù oko ríro tí Eric Barone nìkan jókòó ṣe, tó gbé jáde ní 2016. Lọ́jọ́ kan ṣá, ó kàn wù mí kí adìẹ inú ẹ̀ ní àwọ̀ ewé, kò nídìí kankan o. Mo tún àwòrán wọn yà, mo fi Content Patcher, irinṣẹ́ tó ń fi àwòrán tuntun bo ti géèmù, gbé e wọnú géèmù, ló bá ṣiṣẹ́! Irú àtúnṣe tí ẹni tó ń gbá géèmù fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe sí i yìí la ń pè ní mod. Mo fi ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta, àwọn náà fi tiwọn ránṣẹ́, ọ̀kan ti pààrọ̀ ilé, ọ̀kan ti kó ẹja tuntun sódò, ká tó pajú pẹ́ a ti di mọ́kànlá nínú gúrúùpù.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Ẹnì kan á fi zip tó di mod ẹ̀ sí ránṣẹ́ láàárọ̀, tó bá máa fi dalẹ́ ẹ̀fẹ̀ àti sítíkà ti bò ó mọ́lẹ̀, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á ní "ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ ń sọ?" Tèmi gan-an ń jẹ́ adie_tuntun_gidi2, gidi3 sì ti wà níta tí mi ò mọ ẹni tó ṣe é.

Mo bá ṣí server lórí Discord, ìkànnì ìtàkúrọ̀sọ téèyàn ti lè la yàrá oríṣiríṣi. Mo kọ́kọ́ ṣì í ṣe, torí bíi ogún yàrá ni mo là sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, yàrá ẹja, yàrá ilé, yàrá aṣọ, gbogbo ẹ̀ wá dákẹ́ lọ lóló torí kò sẹ́ni tó mọ ibi tóun máa jókòó sí. Mo pa wọ́n rẹ́, ó ku mẹ́ta: ọ̀kan fún mod tó ti parí, tẹ́nikẹ́ni ò gbọdọ̀ tàkúrọ̀sọ níbẹ̀, ọ̀kan fún "géèmù mi ò ṣí mọ́", ọ̀kan fún gbẹ̀fẹ́. Fáìlì gangan, abẹ́ Releases lórí GitHub, ìkànnì táwọn tó ń kọ kóòdù ń kó iṣẹ́ wọn sí, la kó o sí, fáìlì tí ò bá tíì tó 2 GB wọ ibẹ̀, ti àná àti tòní á sì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà wọn.

Òfin kan péré la fi bẹ̀rẹ̀: àtúnṣe tìẹ nìkan ni kó o mú wá, má kó fáìlì géèmù wá. Tẹ́lẹ̀, XNB, ìyẹn fáìlì tí àwòrán géèmù wà nínú ẹ̀, làwọn èèyàn máa ń yọ, wọ́n á fi tiwọn rọ́pò ẹ̀, ìyẹn sì lè ba géèmù jẹ́, ká má tiẹ̀ tíì sọ ti pé ohun oníǹkan lò ń pín kiri. Content Patcher ò fọwọ́ kan fáìlì géèmù, àwòrán ẹ àti JSON ẹ, fáìlì tó ń sọ ibi tí àwòrán máa wọ̀, ti tó.

Ẹ wá gbọ́ ti ọ̀gbẹ́ni kan tó gbé mod ilé wá. Ilé yẹn rẹwà! Kálukú ti ń kí i kú iṣẹ́. Èmi ni mo máa ń yẹ manifest.json wò ká tó gba mod wọlé, fáìlì kékeré tí SMAPI, ètò tó ń gbé mod wọnú géèmù, fi ń mọ orúkọ mod, ẹni tó ṣe é àti version ẹ̀. Níbi Author, orúkọ ọ̀gbẹ́ni yìí ló wà, kò burú. Ni mo bá rí UniqueID. Bá a ṣe ń kọ ìyẹn ni pé orúkọ ẹni tó ṣe é á ṣáájú, orúkọ mod á tẹ̀ lé e, àmì tótó kan láàárín. Orúkọ tó ṣáájú níbẹ̀ kì í ṣe tiẹ̀. Ó ti pààrọ̀ Author, ó gbàgbé UniqueID, ó jí kàkàkí ọba ó wá ń fọn ọ́n létí wa.

Mo pè é sí kọ̀rọ̀. Ó ní ṣebí ọ̀fẹ́ lòun rí i. Mi ò rò pé èèyàn burúkú ni o, ọ̀pọ̀ ló gbà pé ohun tí wọn ò bá ti tà, kò lólówó... kò ní olóhun. A kọ̀wé sí ẹni tó ni ín, ó ní òun ò fọwọ́ sí i, a yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Látọjọ́ náà, ìbéèrè mẹ́ta lẹ máa dáhùn kí mod yín tó wọlé: ta ló ṣe é, ṣé ó gbà kẹ́ ẹ pín in, version géèmù wo ló wà fún.

Ìkẹta yẹn ló yọ wá nígbà tí version 1.6 géèmù náà jáde ní 19 March 2024. Ilẹ̀ mọ́, ojú SMAPI pupa lọ́dọ̀ gbogbo èèyàn, "Skipped mods", ìyẹn mod tí kò gbà wọlé, ló kún ibẹ̀, yàrá "géèmù mi ò ṣí mọ́" sì ń hó bí ọjà. Torí pé a ti kọ version sára gbogbo wọn, alẹ́ ọjọ́ kan la fi ṣà wọ́n: eléyìí ń ṣiṣẹ́, eléyìí ti kú, ti eléyìí a ò rí ẹni tó ṣe é mọ́. Àwọn oní-DLL, ìyẹn mod tó ní kóòdù nínú, ló jìyà jù, àwòrán lásán ò fi bẹ́ẹ̀ níṣòro.

DLL yẹn náà, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí, torí kóòdù ni, kò sóhun tí ò lè ṣe nínú kọ̀ǹpútà èèyàn. Ní June 2023, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní fractureiser sá pamọ́ sínú àwọn mod géèmù Minecraft, ó ń jí páásíwọ́ọ̀dù. Nítorí náà, ẹni tó bá mú DLL wá á fi kóòdù ẹ̀ hàn wá, VirusTotal, ìkànnì tó ń wá fáírọ́ọ̀sì nínú fáìlì, á sì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn kan bínú lọ. Ó dàbọ̀.

Ẹnì kan tiẹ̀ ní ká máa gbowó. Mo rán an létí April 2015, tí iléeṣẹ́ Valve àti Bethesda bẹ̀rẹ̀ sí í ta mod géèmù Skyrim, tí ariwo ò jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi wọ́gi lé e.

Gbogbo mod la ti tún tò báyìí, àfi adìẹ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ́nì kan ti bi mí lọ́sẹ̀ yìí pé version wo ló wà fún, mi ò sì tíì kọ ọ́ sí i.