Bí A Ṣe Ń Kó Èlùbọ́ Lọ Tà ní Ìlú Ọba

Ẹni tó ń ta èlùbọ́ ní Ṣakí, tó sì fẹ́ kí ọjà òun dé ṣọ́ọ̀bù ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè owó ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ inú àpò èlùbọ́ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí Ìlú Ọba ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí pé wọ́n bá oògùn apakòkòrò dichlorvos nínú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí òfin wọn gbà lọ. Ẹ̀wà náà kò bàjẹ́. Ẹni tó tọ́jú rẹ̀ ni kò fẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹ lọ fojú ara yín wo ibi tí ẹni tí ẹ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ń kó iṣu gbígbẹ sí, kí ẹ sì mú díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò oògùn apakòkòrò kí ẹ tó ra púpọ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ èlùbọ́ kan, kí ẹ fún un mọ́wọ́: bí ó bá dì, tí kò tú ká bí ẹ ti ṣíwọ́, omi ṣì wà lára rẹ̀, yóò sì bu nínú ọkọ̀ ojú omi.

Ní ti ìwé, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń rí sí kíkó ọjà lọ sílẹ̀ òkèèrè, kí NAQS, àjọ tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò, yẹ ẹrù náà wò fún kòkòrò àti àrùn ohun ọ̀gbìn, kí báńkì yín sì bá yín ṣe fọ́ọ̀mù NXP, ìwé tí a fi ń kéde ọjà tí a ń kó lọ sílẹ̀ òkèèrè, èyí tó fi dandan lé e pé kí owó ọjà wọlé láàárín 180 ọjọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń ti ẹrù tiwọn bọ inú ẹrù ẹlòmíràn láìṣe ìwé kankan, ṣùgbọ́n bí àwọn aṣọ́bodè bá gbẹ́sẹ̀ lé e ní èbúté, ẹlẹ́rù kò ní rí ẹni tí yóò bi. Ẹ má sì ki ẹja gbígbẹ tàbí pọ̀nmọ́ sí àárín rẹ̀, torí òfin Ìlú Ọba le lórí ohun tó bá ti ara ẹran tàbí ẹja wá.

Ara ọ̀rá èlùbọ́ gbọ́dọ̀ ní orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tó yẹ kí a ti lò ó, àti àdírẹ́sì ẹni tó gbà á wọlé ní Ìlú Ọba.

Owó ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù, pàápàá bí oníbàárà bá jẹ́ ẹbí tó ń sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tà á tán.” Ẹ gba ìdajì kí ẹrù tó kúrò nílé, kí ẹ sì fi pọ́n-ùn dá iye rẹ̀, nítorí láti Oṣù Kẹfà 2023 tí ìjọba ti fi iye náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá a, ẹni tó fi náírà dá iye lè rí i pé owó tó dé kò ra iye iṣu tó ra tẹ́lẹ̀ mọ́.