Refund Pẹ́, Owó Iṣẹ́ Tún Pọ̀: Bí Ẹ Ṣe Máa Bá Ẹni Tó Ṣe Tax Yín Yanjú Ẹ̀

Iṣẹ́ bíìlì ni mò ń ṣe ní ilé ìwòsàn kan ní Prince George's County, Maryland. Ojú bíìlì náà ni mo fi ń wo gbogbo owó tí ẹnì kan bá gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa fi máa ń kó ìwé tax wá bá mi tó bá ti di March, tí refund, owó tí ìjọba ń dá padà lẹ́yìn tax, ò dé, tàbí tó dé àmọ́ tí kò pé. Ohun tí mo ń sọ fún wọn rèé.

Ẹ kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Pé refund pẹ́, ẹ̀yin àti IRS, àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, lẹ ni ín. Iye tí ẹni tó ṣe tax gbà, ẹ̀yin àti òun lẹ jọ ni ín. Tí ẹ bá da méjèèjì pọ̀, tí ẹ ní "owó ò tètè dé, ẹ dá owó iṣẹ́ padà", á fèsì pé òun kọ́ ni ìjọba, òótọ́ ló sì sọ. Ẹni tó bá gba Earned Income Tax Credit (ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ ò pọ̀) tàbí Additional Child Tax Credit (ìrànwọ́ nítorí ọmọ), òfin PATH Act ọdún 2015 ò jẹ́ kí IRS san refund rẹ̀ kó tó di àárín February, bó ti wù kó tètè fi ránṣẹ́ tó. Fún àwọn yòókù, IRS ní ọ̀pọ̀ refund ń jáde láàárín ọjọ́ 21. Àmọ́ tí lẹ́tà 5071C bá dé pé kí ẹ fi hàn pé ẹ̀yin gan-an lẹ ni ìwé náà, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 9 lẹ́yìn tí ẹ bá dáhùn.

Ìgbà wo ló wá jẹ́ ẹ̀bi ẹni tó ṣe tax? Tí kò bá tètè fi ìwé náà ránṣẹ́, tàbí tí IRS dá a padà nítorí nọ́ńbà Social Security ọmọ tó tẹ̀ gbòdì, tó sì dákẹ́. Ẹ ní kó fún yín ní Form 9325. Ọjọ́ tí IRS gba tax yín wọlé wà lórí ẹ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n ní "ó ti lọ láti January", tí 9325 ń ka March. Ẹ tún wo transcript yín, àkọsílẹ̀ ohun tí IRS ti ṣe lórí tax yín, lórí IRS.gov: 570 ni pé wọ́n dá owó dúró, 971 ni pé lẹ́tà ń bọ̀, 846 ni pé owó ti jáde. Tí 846 bá wà níbẹ̀ tí ẹ ò rí kọ́bọ̀, ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ní kí owó náà gbà.

Ìlà 35 lójú ewé kejì Form 1040, ìwé tax yín gan-an, ni nọ́ńbà báǹkì wà. Tí kò bá jọ ti báǹkì yín, ẹ má tíì pariwo olè. Ó lè jẹ́ refund transfer. Ìyẹn ni pé ẹni tó ṣe tax ní kí ẹ má san nǹkan kan lọ́wọ́, pé òun á yọ ọ́ nínú refund. Báǹkì kan á ṣí account onígbà díẹ̀ lórúkọ yín, IRS á sanwó síbẹ̀, báǹkì á yọ tiẹ̀, á yọ ti ẹni tó ṣe tax, ìyókù ló máa kàn yín. Inú ìyọkúrò yẹn ni wàhálà máa ń wà.

Àǹtí kan nínú ẹgbẹ́ obìnrin wa, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru, gbọ́ lẹ́nu Bọ̀dá tó ṣe tax rẹ̀ pé 250 dọ́là ni. Nígbà tí refund dé, 724 ti kúrò nínú ẹ̀. Mo ní kó béèrè ìwé tí wọ́n ní kó fi ìka fọwọ́ sí lórí fóònù. Ohun tó wà níbẹ̀ ni 485 fún iṣẹ́, 95 fún document processing, 99 fún audit protection (ìrànlọ́wọ́ tí IRS bá fẹ́ yẹ tax wò), 45 fún báǹkì.

Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà lórí 724. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ mú. 45 báǹkì, ó fọwọ́ sí i, ẹ fi sílẹ̀. 99 audit protection, ta ló ní kí wọ́n tà á fún un? Kí ni wọ́n máa ṣe fún un tí IRS bá kọ̀wé? Ìwé rẹ̀ dà? Iṣẹ́ wo ni document processing tí kò sí nínú 485 tí wọ́n ti gbà? Àti 485 fúnra rẹ̀: W-2 (ìwé owó oṣù láti ibi iṣẹ́) méjì, ọmọ kan, báwo ni 250 ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì? Tó bá wá jẹ́ pé ìdá kan nínú refund ni wọ́n fi ṣírò owó iṣẹ́, ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ dáadáa, nítorí IRS fúnra wọn ń kìlọ̀ pé ká sá fún ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ kó WhatsApp yín jọ. Voice note kan wà lọ́wọ́ Àǹtí tí Bọ̀dá ti ní, "Àǹtí mi, 250 péré ni, ẹ má ṣèyọnu." Èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ fi ránṣẹ́, ẹ̀rí gidi ni. Àmọ́ ẹ má gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀ níkọ̀kọ̀ tí ẹ bá jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù o! Ní Maryland, ọ̀ràn ni tí ẹni kejì ò bá gbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bíìlì tó to owó iṣẹ́ yẹn lẹ́sẹẹsẹ, Form 9325, àti ẹ̀dà tax mi tó ní orúkọ àti PTIN yín. Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ kó tó di Friday." Ẹ̀dà yẹn kì í ṣe oore, òfin ló ní kó fún yín. PTIN ni nọ́ńbà tí gbogbo ẹni tó ń gbowó ṣe tax gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ IRS. Tí ẹ bá sanwó fún ẹnì kan, tí ìwé wá ń sọ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é fúnra yín, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti owó iṣẹ́.

Tí Friday bá kọjá, ẹ kọ lẹ́tà ní Gẹ̀ẹ́sì, ojú ewé kan, kí ẹ fi certified mail, lẹ́tà tó ní ẹ̀rí pé ẹ fi ránṣẹ́, fi ránṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì, nítorí adájọ́ lè kà á lọ́la. Iye tí ẹ jọ sọ, iye tó gbà, àwọn ìlà tí ẹ ò gbà, iye tí ẹ ń béèrè, ọjọ́ 14. Ẹ má bú u, ẹ má sì halẹ̀ pé ẹ máa jẹ́ kí wọ́n dá a padà sí Nàìjíríà; irú ìhàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè sọ ẹ̀yin di ẹni tí wọ́n ń wá.

Àwọn ará á dá sí i, ẹ múra sílẹ̀. Ẹnì kan á ní ẹ̀gbọ́n wa ni, òun ló ṣe MC ìsọmọlórúkọ yín, kí ẹ fi fún Ọlọ́run. Èmi ò lòdì sí kí àgbà parí ìjà. Ìjókòó tí àgbà ti ń bẹ ẹni tí wọ́n gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọn ò béèrè bíìlì lọ́wọ́ ẹni tó gbà á, ìyẹn ni mi ò fara mọ́. Ẹ lọ, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, kí ẹ gbé ìwé yín dání.

IRS ò ní bá yín gba owó iṣẹ́ padà. Lọ́dún 2014, nínú ẹjọ́ Loving, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Washington sọ pé IRS ò láṣẹ láti fi ìwé àṣẹ de àwọn tó ń ṣe tax. Form 14157 wà fún ìwà àìtọ́: kò fọwọ́ sí i, kò fún yín ní ẹ̀dà, ó di W-2 yín mú. Tó bá jẹ́ pé ó yí iye owó tàbí nọ́ńbà báǹkì padà láìsọ fún yín, ẹ fi 14157-A kún un kíá, ẹ má jókòó ìpẹ̀tù kankan.

Fún owó iṣẹ́, ìpínlẹ̀ yín ni kí ẹ lọ. Ní Maryland, Consumer Protection Division ti Attorney General máa ń bá ènìyàn là á lọ́fẹ̀ẹ́, State Board of Individual Tax Preparers sì wà fún ẹni tí kì í ṣe CPA (oníṣirò owó tó ní ìwé àṣẹ), lọ́yà tàbí enrolled agent (ẹni tí IRS fúnra wọn fún láṣẹ). Tí káàdì credit lẹ fi san án, ẹ kọ̀wé sí báǹkì láàárín ọjọ́ 60 tí statement jáde. Zelle, tí a fi ń fowó ránṣẹ́ láti báǹkì sí báǹkì, ò ní irú àyè yẹn.

Bí gbogbo ẹ̀ bá kùnà, ó ku small claims, ẹjọ́ owó kékeré ní kóòtù. Ní Maryland, District Court ń gbọ́ èyí tí kò ju 5,000 dọ́là lọ, ẹ ò sì nílò lọ́yà. Ní Georgia, 15,000 ni; ní Texas, 20,000. Ìwé kóòtù lásán ti máa ń mú kí ọ̀pọ̀ wọn pe ènìyàn lálẹ́ pé "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀." Ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹ má sì fa ẹjọ́ sẹ́yìn títí owó fi máa wọ account yín.