Mo di ojú mi kí n tó mọ ohun tí rápà ń ṣe lára sìgá

Àwọn tó ń mu sìgá ńlá, àwọn tí wọ́n fi ewé tábà wé látinú dé ìta yẹn, máa ń tẹnu mọ́ ọn pé rápà, ìyẹn ewé tó wà níta pátápátá, òun ló ni adùn. Ẹnì kan á ní ìdajì adùn ni, ẹlòmíì á ní rárá ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò tíì rí ẹni tó lè sọ bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n. Mo ní ó dáa, èmi náà á yẹ̀ ẹ́ wò. (Tábà ń ṣe ara ní jàǹbá o, ẹni tí ò bá mu ún kó má tìtorí mi bẹ̀rẹ̀.)

Ohun tí mo kọ́kọ́ wá ni sìgá méjì tí inú wọn jọra tí ìta wọn ò jọra. Padrón 1964 Anniversary ni mo mú torí ó wà ní natural (èyí tí rápà ẹ̀ pupa), ó tún wà ní maduro (èyí tí rápà ẹ̀ dúdú), ìwọ̀n kan náà. Maduro yẹn kì í ṣe pé wọ́n kùn ún o, ṣe ni wọ́n kó ewé jọ ní òkìtì, òkìtì á máa gbóná fúnra ẹ̀, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un tò, ó máa ń pẹ́ níbẹ̀ ju ti natural lọ, ibẹ̀ ló ti ń ṣú.

Mo yọ òrùka bébà ara wọn, mo ní kí ọ̀rẹ́ mi di mí lójú kó máa fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan láìsọ̀rọ̀, torí ojú ń tan ahọ́n jẹ, tó bá ti rí i pé ó dúdú ó ti gbà pé ó le nìyẹn. Kí a tó tan iná sí i ni mo ti mọ maduro, ètè mi ló tọ́ ọ wò, ó dùn díẹ̀. Nígbà tí a jó o dé àárín, ọ̀rọ̀ yí padà, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ra, nígbà tó fi máa kù díẹ̀ mo kàn ń méfò ni. Agbára wọn ò sì yàtọ̀ rárá. Ligero ló ń fún sìgá lágbára, ewé orí igi tí oòrùn ń pa jù, inú ni wọ́n ń fi sí, dúdú tàbí pupa ìta ò kàn án.

Mo tún fi abẹ bó rápà kúrò lára natural kan, mo mu ún bẹ́ẹ̀. Ó ń jó wọ́gọwọ̀gọ, adùn ẹ̀ rí ṣákálá, ó sì ń gbẹ èèyàn lọ́fun. Nítorí náà rápà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ àwọn tó ní òun ni gbogbo ẹ̀ ti sọ àsọdùn.

Ibi tí mo wá rí i pé rápà ti jẹ́ ọ̀gá gidi ni ìgbà tí mo fẹ́ mọ èyí tí màá máa rí rà títí. Ewé tó máa di rápà ò gbọdọ̀ lu, kò gbọdọ̀ ní àbàwọ́n, iṣan ẹ̀ ò gbọdọ̀ nípọn, ó sì gbọ́dọ̀ lè fà lọ́wọ́ ẹni tó ń wé e. Kòkòrò jẹ ẹ́ níbì kan péré, tàbí kí yìnyín bọ́ lù ú, ó ti di ewé inú nìyẹn, owó ẹ̀ ti wálẹ̀. Ẹ wo Connecticut Shade, irú ewé rápà kan. Nǹkan bíi 1900 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín sábẹ́ àgọ́ aṣọ ní àfonífojì odò Connecticut ní Amẹ́ríkà, torí ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń bọ̀ láti Sumatra ti fẹ́ gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́. Òpó, wáyà, aṣọ, àwọn tó ń já ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, owó gọbọi ni gbogbo ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ sìgá tó ń jẹ́ Connecticut lónìí fi jẹ́ pé Ẹ̀kùádọ̀ ni ewé ẹ̀ ti wá. Irúgbìn Connecticut ni lóòótọ́, àmọ́ ìkùukùu ojú ọ̀run Ẹ̀kùádọ̀ ń ṣe iṣẹ́ aṣọ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

Broadleaf, irú ewé rápà míì, ní tiẹ̀, àfonífojì kan náà ni, àmọ́ inú oòrùn ló ń dàgbà, wọ́n sì ń gé igi ẹ̀ lódidi kí wọ́n tó so ó kọ́. Ó nípọn, ó lè fara da òkìtì gbígbóná fún ìgbà pípẹ́, òun ló wà lára sìgá Liga Privada No. 9. Tí ewé yìí bá wọ́n, ọ̀nà méjì ló kù fún ẹni tó ń ṣe sìgá: kó dín iye tó ń wé kù tàbí kó pààrọ̀ rápà, tó bá sì pààrọ̀ ẹ̀ sìgá míì ló ń tà fún wa yẹn. Ewé San Andrés láti Veracruz ní Mẹ́síkò ni ọ̀pọ̀ wọn ń sá lọ bá tí wọ́n bá fẹ́ dúdú.

Kúbà ò rọrùn náà. Corojo, irú tábà Kúbà tí wọ́n ń yin fún rápà yẹn, àrùn blue mold (èbu tó ń pa ewé) ba tábà ibẹ̀ jẹ́ gan-an ní 1979 sí 1980, nígbà tó yá wọ́n fi irúgbìn tó lè kojú àrùn rọ́pò ẹ̀. Ìjì Ian tún ya wọ Pinar del Río, agbègbè tábà ní Kúbà, ní September 2022, ó wó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé tí wọ́n ti ń sá tábà.

Bí mo ṣe wá to àpótí sìgá mi nìyí: èyí tí rápà ẹ̀ bá wá láti Ẹ̀kùádọ̀, ìgbà tó bá tán ni mò ń rà á, mi ò kí ń kó o jọ. Broadleaf àti rápà Kàmẹ́rúùnù, irú èyí tó wà lára sìgá Arturo Fuente Hemingway, ibi tí mo bá ti rí i ni mo ti ń rà á. Àmọ́ ti Kàmẹ́rúùnù yẹn tínrín gan-an, tí ọ̀rinrin inú àpótí bá ń lọ sókè sódò ó máa ya, mo fi í sí 65 sí 67 nínú ọgọ́rùn-ún, mo sì ṣíwọ́ ṣíṣí àpótí ní gbogbo ìgbà láti lọ wò ó.