Ọ̀pá fún Iṣu, Ewùrà àti Èsúrú

Ewé ni ó ń ṣe oúnjẹ tí iṣu ń kó pamọ́ sínú ebè. Bí ìtàkùn bá ń wọ́ nílẹ̀, tí ewé gorí ewé, díẹ̀ nínú wọn ni yóò rí oòrùn, ọ̀rinrin yóò sì máa ha sáàárín wọn, pàápàá ní ilẹ̀ igbó tí òjò ti ń pọ̀. Ewùrà ni ó máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀, nítorí àrùn tí ń sọ ewé di dúdú bí ẹni pé iná rà á tètè ń mú un. Ìdí nìyí tí a fi ń ri ọ̀pá kí ìtàkùn lè gùn ún. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ọ̀pá kúkurú tó. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ lò ó.

Ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ìtàkùn bá lọ́ mọ́ra kí ẹ tó wá igi. Ní kété tí èéhù bá yọ ni kí ẹ ri ọ̀pá tí ó ga tó mítà 2 sí 3 mọ́ ẹ̀gbẹ́ ebè, kì í ṣe àárín rẹ̀ gan-an, níbi tí ẹnu ọ̀pá ti lè gún iṣu. Ọparun dára, ó tọ́, ó sì fúyẹ́. Akòko, tí a mọ ewé rẹ̀ mọ́ oyè jíjẹ, máa ń ta gbòǹgbò bí a bá rì í ní tútù, nítorí náà kì í tètè jẹrà; ṣùgbọ́n ẹ máa gé ẹ̀ka rẹ̀, kí ó má baà ṣíji bo iṣu. Níbi tí igi bá ti wọ́n, ẹ ri òpó kan sáàárín ebè mẹ́rin, kí ẹ sì ta okùn láti ìdí ebè kọ̀ọ̀kan sí orí rẹ̀.

Ọ̀sán ni kí ẹ darí ìtàkùn, nígbà tí ó bá rọ̀ díẹ̀. Ti òwúrọ̀ kún fún omi, ó sì máa ń tètè ṣẹ́. Iṣu funfun àti ewùrà ń lọ́ sí ọ̀nà kan náà, òdìkejì ni èsúrú ń lọ́ sí. Lọ́dún kan, mo fi ọ̀sán gbáko yí èsúrú mọ́ ọ̀pá bí mo ti ń ṣe ti iṣu. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo èyí tí ó ti gun igi fúnra rẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ní láti so ó, ẹ fi ìko so ó wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ọmọ-ìka lè kọjá.

Bí ìjì bá wó ọ̀pá, ẹ má ṣe fa ìtàkùn yọ kúrò lára rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni kí ẹ jọ gbé nàró, kí ẹ sì fi igi mìíràn tì í.